Fífi gíà sí nútírà lórí afárá kì í dín epo kù

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo bá ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ ọtomátíìkì wọn láti Sùúrùlérè lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí a ti gun Afárá Èkó, tí imú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ ìsàlẹ̀ níhà Apọ́ngbọ̀n, ọwọ́ wọn ti dé ara gíà. Wọ́n tì í láti D, tí ọkọ̀ fi ń lọ síwájú, sí N, ìyẹn nútírà, tí ẹ́ńjìnnì kì í ti í wa táyà. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ọkọ̀ ń yí lọ fúnra ẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé ìdí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n fà á padà sí D, mo sì gbọ́ "gbì" kékeré kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi í sí nútírà fún?"

Wọ́n ní, "Epo ni mò ń ṣọ́. Àbí o ò mọ iye tí wọ́n ń ta epo ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò ní Èkó láti ohun tí kò tó 200 náírà sí ohun tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí awakọ̀ tí kò máa wá ọ̀nà àtidín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n nútírà yìí kì í dín in kù. Ṣe ló ń fi kún un, ó sì tún ń jẹ gíà.

Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé wá. Bàbá wa ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní mọ́tò, Peugeot 504 sì ni bàbá wa ń wà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Ọkọ̀ mánúà ni, awakọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń pa gíà dà, kabúrétọ̀ ló sì ń fún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lépo. Kabúrétọ̀ kò mọ ìgbà tí epo ò wúlò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣáà ti ń yí, yóò máa fa epo. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú gíà, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì kíákíá, epo á sì máa ṣòfò. Ẹni tó bá yọ gíà nígbà náà rí èrè díẹ̀ lóòótọ́. Bàbá wa kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ ló yí padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tókunbọ̀ tó wà lójú títì wa lónìí, ínjẹ́kítọ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnnì wọn lépo, kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box ló sì ń pàṣẹ fún ínjẹ́kítọ̀. Tí ẹ bá wà ní D, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lórí eré, kọ̀ǹpútà yìí mọ̀ pé táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Yóò ti epo pa, kò ní jẹ́ kí ẹ̀kán kan wọlé. Àfi tí eré ẹ́ńjìnnì bá rẹlẹ̀ tàbí tí ẹ tún tẹná ni yóò ṣí i padà. Tí ẹ bá wá ti gíà sí N, kò sí ohun tó so táyà mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú, ó di dandan kó máa jó epo. Ẹni tó wà ní D kò mu nǹkan kan lákòókò yẹn, ẹni tó wà ní N ló ń mu. Tí dáṣíbọ́ọ̀dù yín bá máa ń ṣe ìṣirò lítà tí ọkọ̀ ń mu bó ṣe ń lọ, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní D: 0.0 ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò ó. Èkó kì í ṣe Ìbàdàn, kì í sì í ṣe Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, afárá nìkan ni òkè tí a ní. Kí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Ojúẹlẹ́gbá, bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó dúró lójú kan lè jó tó lítà kan ní wákàtí kan. Ti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò ní kún ṣíbí tí a fi ń po tíì. Nítorí ohun tí kò kún ṣíbí ni a ṣe ń fi gíà odindi wewu.

Ẹnìkan lè sọ pé ọkọ̀ máa ń yí jìnnà sí i ní nútírà. Òótọ́ ni, torí ẹ́ńjìnnì kò dá a dúró mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀nà gbọọrọ tó ṣófo ni, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n tí kò ní tẹ bíréèkì? Gbogbo eré tí nútírà fún yín, bíréèkì ló ń gbà á padà. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan sì wà tí kọ̀ǹpútà wọn ń tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fúnra ẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún un.

"Gbì" tí mo gbọ́ yẹn ló dùn mí jù. Inú gíà ọtomátíìkì kún fún àwọn àwo pẹlẹbẹ tí ọ́ìlì ń tì mọ́ra wọn, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn síso ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà. Tí ẹ bá fa N padà sí D lórí eré, táyà ń sáré, ẹ́ńjìnnì sì rọlẹ̀, àwo wọ̀nyí ni yóò fi ara wọn mú méjèèjì dọ́gba. Wọ́n á ha ara wọn, wọ́n á gbóná. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún gíà ṣe ní Múṣín, kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀, ó sì kó àwo méjì lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó ní ara bíi páálí. Èkejì dúdú, ó ń dán, ó sì ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná. Àtàǹpàkò mi dúdú kí n tó dá a padà.

Ó ní, "Brọ̀dá, èyí ò lè di nǹkan kan mú mọ́."

Ẹ́ńjìnnì náà ló ń yí pọ́ǹpù tó ń fún gíà lọ́ìlì. Tí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀ ní N, ọ́ìlì tó ń lọ káàkiri á dín kù, bẹ́ẹ̀ àwọn irin inú gíà ṣì ń yí pẹ̀lú táyà. Ìdí kan náà nìyẹn tí ìwé ọkọ̀ púpọ̀ fi ń sọ pé kí wọ́n gbé táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ ọtomátíìkì. Ti àwọn tó ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá lórí afárá burú ju èyí lọ: bíréèkì á le bí òkúta, ọwọ́ ọkọ̀ á wúwo.

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ńkọ́? Tí gbogbo ọkọ̀ bá dúró pátápátá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, N pẹ̀lú bíréèkì ọwọ́ dára, ó ń dín ẹrù orí ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, ẹ dúró ní D. Kí ọkọ̀ sì dúró gidi kí ẹ tó lọ láti R, tí ọkọ̀ fi ń padà sẹ́yìn, sí D.

Ẹni tó ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún pípẹ́, kó wo ọ́ìlì gíà ẹ̀. Pupa ló sábà máa ń wà tó bá ṣì tuntun. Tó bá ti dúdú tó sì ń rùn, tàbí tí ẹ fi sí D lójú kan tí ọkọ̀ ṣe bí ẹni ń ronú kó tó gbá gíà mú, ẹ yà lọ́dọ̀ onígíà kí ẹ tó gun Third Mainland. Afárá yẹn lé ní kìlómítà 11, ọ̀sà ló sì wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.