Bí TV on the Radio Ṣe Di Ẹgbẹ́ Olórin

Ní 2002, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àga ní New York lè ki ọwọ́ sáàárín tìmùtìmù kó fa sídì kan yọ. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan kọ́ ló gbé e jáde. Àwọn tó kọ orin inú rẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń yọ́ ọ fi síbẹ̀. OK Calculator ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n ń fi orúkọ àwo ẹgbẹ́ Radiohead, OK Computer, ṣeré.

Ọkùnrin méjì tó ń gbé inú ilé kan náà ní Williamsburg, ní Brooklyn, ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà, TV on the Radio, ní 2001: David Sitek àti Túndé Adébímpé. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí Túndé, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bí i sí ní 1975. Iṣẹ́ fíìmù ló kọ́ ní yunifásítì. Ère amọ̀ tó ń jà lórí ètò tẹlifíṣọ̀n MTV kan ló ń bá wọn ṣe kó tó di olórin.

Àsìkò yẹn gan-an ni The Strokes àti Interpol ń jí orin post-punk, orin róòkì tó tẹ̀lé punk, dìde ní ìlú náà, irú èyí tí Joy Division àti Gang of Four kọ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Mo fẹ́ràn àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n gìtá ni wọ́n gbára lé. Ohùn ni Túndé àti Sitek fi ṣe òpó.

Ẹ gbọ́ àwo kékeré Young Liars, tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Touch and Go gbé jáde ní oṣù keje 2003. Orin ẹgbẹ́ Pixies kan ló kẹ́yìn rẹ̀. Gìtá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ, ìlù ti lọ. Túndé ló ń lé, Túndé náà ló ń gbè, ó to ohùn ara rẹ̀ léra títí ó fi dà bí agbo ọkùnrin tó ń kọrin lóru. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan tuntun ti dé.

Kyp Malone náà dara pọ̀ mọ́ wọn, pẹ̀lú ohùn òkè tirẹ̀. Àwo ńlá wọn jáde ní 2004, ó gba ẹ̀bùn orin Shortlist. Jaleel Bunton wá di onílù wọn. Ní ti Gerard Smith tó ń ta gìtá báàsì, ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ni Túndé ti rí i, níbi tó ti ń ṣeré fún àwọn tó ń kọjá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní oṣù kẹrin 2011, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àwo wọn tuntun jáde. Ọmọ ọdún 36 péré ni.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo 2006, David Bowie, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù láti 1964, wá bá wọn kọ orin kan. Kò lé orin náà. Elégbè ló ṣe.