Kí ló dé tí ẹtù di aṣọ ọ̀fọ̀ lójú mọníítọ̀ mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí mọníítọ̀ olójú fífẹ̀

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé mọníítọ̀ olójú fífẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ultrawide, sórí tábìlì mi, kò sẹ́ni tó wọlé tí kì í bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Fọ́tò aṣọ òkè ni mo máa ń tún ṣe fáwọn tó ń tà á. Tílẹ̀ bá ṣú, géèmù ló kàn. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù rèé.

Ìbéèrè: Kí ló wà lára rẹ̀ tí kò sí lára mọníítọ̀ tí gbogbo wa ń lò?

Ìdáhùn: Ìbú ni. Tí ìbú mọníítọ̀ tó wọ́pọ̀ bá jẹ́ 16, gíga rẹ̀ á jẹ́ 9. Ti ultrawide sún mọ́ 21 sí 9. Tèmi jẹ́ íǹṣì 34, píksẹ́lì (àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 3440 ní ìbú, 1440 ní òòró. Àwọn tó bá gbọ́ 34 máa ń rò pé á ga fíofío, àmọ́ gíga rẹ̀ ò ju ti oníǹṣì 27 lásán lọ; ẹ̀gbẹ́ ló fẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ pé ìwé gígùn lẹ máa ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má fowó yín ṣòfò. Ní tèmi, fọ́tò á wà láàárín, irinṣẹ́ tí mo fi ń tún un ṣe á wà lọ́tùn-ún, WhatsApp oníbàárà á wà lósì. N kì í pa ọ̀kan dé kí n tó ṣí èkejì.

Ìbéèrè: 1800R tí wọ́n kọ sára páálí ńkọ́?

Ìdáhùn: Bó ṣe tẹ̀ tó ni. Ká ní ẹ to irú mọníítọ̀ bẹ́ẹ̀ tira wọn títí wọ́n fi yí yín ká, mílímítà 1800 ló máa wà láàárín yín àti ojú wọn. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ló ṣe ń tẹ̀ sí i. Èmi ò fẹ́ràn èyí tó tẹ̀ jù, torí ìlà aṣọ tó gún régé á wá dà bíi pé ó wọ́.

Ìbéèrè: 144Hz ni mo sanwó fún. Kí ló dé tí géèmù mi ṣì ń fà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Ohun tí 144Hz ń sọ ni pé àwòrán ojú rẹ̀ lè yí pa dà nígbà 144 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sọ pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ sẹ́tíńgì Windows, ẹ lọ síbi Display, kẹ́ ẹ tẹ Advanced display. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá 60 níbẹ̀. Èmi náà, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pe àwọn ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n wá wo bó ṣe ń lọ geere, láìmọ̀ pé 60 ló wà. Wáyà ara dikódà àtijọ́ ni mo yọ fi so ó. Oríṣi ihò àti wáyà tó ń gbé àwòrán ni HDMI àti DisplayPort. HDMI 2.0 ò lè gbé 144 lórí píksẹ́lì tó pọ̀ báyìí, nǹkan bí 100 ló lè gbé, DisplayPort 1.4 ló kájú ẹ̀. Ẹ wo káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà yín náà. Mọníítọ̀ 1920 sí 1080 ní píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù 2. Èyí sún mọ́ mílíọ̀nù 5. Káàdì tó ń sáré lórí ti àná lè máa mí hẹlẹ lórí tòní.

Ìbéèrè: Géèmù kan fi dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Àwọn tó ṣe géèmù náà ni kò ṣe é fún ojú fífẹ̀. Elden Ring tó jáde lọ́dún 2022 ń ṣe bẹ́ẹ̀: 16 sí 9 ni wọ́n ṣe é. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí mọníítọ̀ fà á dé etí, orí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló máa fẹ̀ bí igbá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá ohun tí mò ń wò mu?

Ìdáhùn: Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó mọ ẹtù mọ̀ pé wọ́n á rẹ òwú rẹ̀ láró títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà tín-ín-rín tó mọ́ díẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀. Fọ́tò ẹtù kan dé ọwọ́ mi. Lójú mọníítọ̀ mi, ó dúdú kirikiri bí aṣọ ọ̀fọ̀, mi ò rí ìlà kankan. Mo bá fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò náà títí ìlà fi jáde. Lórí fóònù ẹni tó fẹ́ rà á, ó ti di búlúù yúnífọ́ọ̀mù. Aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó pè: "Aṣọ tí mo rí kọ́ lẹ gbé wá o."

Ìgbà tí mo gbé ojúlówó aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọníítọ̀ ni àṣírí tú. Kọ̀ǹpútà máa ń ka ìmọ́lẹ̀ láti 0, tó jẹ́ dúdú, dé 255, tó jẹ́ funfun. Tẹlifíṣọ̀n ń kà á láti 16 dé 235. Kọ̀ǹpútà mi ń sọ ti ẹ̀, mọníítọ̀ ń gbọ́ ti tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 16 bá di dúdú kan náà. Ibẹ̀ ni ìlà ẹtù kó sí. Nínú mẹ́nù mọníítọ̀, ẹ wá RGB Range tàbí Black Level, kó bá ti káàdì mu. Tó bá jẹ́ òdìkejì ló ṣẹlẹ̀, dúdú á rí bí eérú.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń sọ̀rọ̀ calibration, ìyẹn títún àwọ̀ mọníítọ̀ ṣe kó lè bá ojúlówó mu. Ẹ jẹ́ kí mọníítọ̀ ti wà ní títàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú mẹ́nù rẹ̀, ẹ kúrò nínú Vivid, tó ń mú àwọ̀ le jù, ẹ mú sRGB tàbí Custom. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e jáde nílé iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù: ẹ ṣí ojú ìwé funfun lórí mọníítọ̀, ẹ mú bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ti mọníítọ̀ bá ń tàn bí gílóòbù, ẹ dín in kù. Ẹ fi funfun sí 6500K, nọ́ńbà tó ń sọ bí funfun ṣe pọ́n tàbí bó ṣe fà sí búlúù tó. Á kọ́kọ́ pọ́n lójú yín, torí ojú yín ti mọ́ funfun tó ń fà sí búlúù. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ wá dá a pa dà sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ti tẹ́lẹ̀ gan-an ló burú. Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ lẹ fi ń jẹun, ẹ ra colorimeter, ohun kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ojú mọníítọ̀, tó ń wọn àwọ̀, tó sì ń kọ profile sílẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ṣe máa tún àwọ̀ mọníítọ̀ náà ṣe. Ẹ má wa profile ẹlòmíì jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì; mọníítọ̀ méjì tó jáde látilé iṣẹ́ kan náà kì í rí bákan náà.

Ìbéèrè: Ṣé géèmù náà á lo profile yẹn?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ wọn ò ní í ka profile sí. Èyí tẹ́ ẹ bá fi bọ́tìnnì ara mọníítọ̀ ṣe ni kò séyìí tó lè sá fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe tibẹ̀ dáadáa kí n tó gbé colorimeter kọ́ ọ.

Ìbéèrè: Iná ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí ìmọ́lẹ̀ mọníítọ̀ bá ṣe dín kù ni ìnfátà ṣe ń sinmi. Ṣùgbọ́n gílóòbù yàrá ló ń dà mí láàmú jù. Tí mo bá tún àwọ̀ ṣe lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n, oòrùn àárọ̀ ọjọ́ kejì á sọ ọ́ di nǹkan míì. Mo ti fa kọ́tìnì sí fèrèsé ẹ̀yìn mi, mo sì pààrọ̀ gílóòbù náà. Ẹtù yẹn ṣì wà lórí àga, òun ni mo fi ń wò ó kí fọ́tò tó kúrò lọ́wọ́ mi.