Bí oríkì ṣe ń mọ́ni lórí ju nọ́ńbà fóònù lọ

Arọ́kin ni wọ́n ń pe àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́. Orí ni ìwé wọn: wọn a máa to àwọn Aláàfin tẹ̀léra, oríkì ọba kọ̀ọ̀kan, ogun tó jà. Nígbà tí Samuel Johnson ń kó ìtàn Yorùbá jọ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọ̀dọ̀ wọn ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn àtijọ́. Bẹ́ẹ̀, irú òpìtàn bẹ́ẹ̀ lè má mọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ lórí, nọ́ńbà 11 péré.

Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé e jáde ní 1885. Sílébù tí kò nítumọ̀ ló ń há sórí, tó ń ka iye ìgbà tó máa tún un kà kó tó mọ́ ọn lórí. (Iṣẹ́ tó le nìyẹn!) Nígbà tó kan ewì, wàhálà rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ewì nítumọ̀, ìró rẹ̀ sì ń fa ara wọn.

Ti Yorùbá tún wá lé ní tirẹ̀, nítorí ohùn. Bí ẹnì kan bá ti ní “ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀”, “tà” ti ń pe “rà” bọ̀, “lọ́pọ̀” ń wá “lọ́wọ̀ọ́n”. Ẹni tó bá ṣì í pè, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Ohùn yìí nìkan ni dùndún ń gbé jáde, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìlù. Ẹni tó mọ oríkì ló ń fi ọ̀rọ̀ dí i nínú ara rẹ̀.

Nọ́ńbà kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Nǹkan díẹ̀ sì ni ọkàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà: George Miller, ará Amẹ́ríkà, fojú bù ú sí bíi 7 ní 1956, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tún ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń pe nọ́ńbà fún oníbàárà lọ́jà Akẹ̀sán fi ń gé e ní mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Mọ́kànlá ti di ìdì mẹ́ta, gbogbo wa la sì ti mọ 0803 tẹ́lẹ̀.

Èyí tó kù ni lílò. Ohun tí a bá ń fà yọ látinú orí lemọ́lemọ́, tí a ń fi àyè sí i láàárín, ló ń jinlẹ̀. Arọ́kin ń ki ọba. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan la tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ la ń tẹ̀.