Fífọ aṣọ àti yíyọ àbàwọ́n nínú ilé

Fífọ aṣọ nínú ilé ni iṣẹ́ tí a fi ń mú ìdọ̀tí, òógùn, ọ̀rá àti àbàwọ́n kúrò lára aṣọ láìba fọ́nrán rẹ̀ tàbí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Omi, ọṣẹ, ooru, àkókò, àti ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ tí ń gbo aṣọ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bí a bá dín ọ̀kan kù, òmíràn ní láti pọ̀ sí i, ìdí nìyí tí aṣọ tí a fẹ́ fi omi tútù fọ̀ fi máa ń fẹ́ kí a rẹ ẹ́ pẹ́. Àbàwọ́n ni ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó sì sábà máa ń sọ àbàwọ́n di àmì tí kò ní kúrò mọ́ kì í ṣe àìtó ọṣẹ, ooru ni: omi gbígbóná tí a dà lé e, tàbí áyọ́ọ̀nù tí a gbé lé e kí a tó mọ irú ohun tí ó jẹ́.

Bí ọṣẹ ṣe ń ṣiṣẹ́

Omi nìkan lè fọ iyọ̀, ṣúgà àti ọ̀pọ̀ eruku kúrò, ṣùgbọ́n òun àti ọ̀rá kì í pò pọ̀. Ọṣẹ ni alárinà wọn. Èérún ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun méjì, ọ̀kan fẹ́ràn omi, èkejì fẹ́ràn ọ̀rá. Èyí tí ó fẹ́ràn ọ̀rá yóò wọnú ìdọ̀tí, èyí tí ó fẹ́ràn omi yóò kọjú síta, títí wọn yóò fi yí ọ̀rá náà ká, tí yóò sì bọ́ sínú omi tí a óò dà nù. Nínú omi tí kálísíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ọṣẹ lásán kì í hó dáadáa, ó sì máa ń di ohun funfun kan tí ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọṣẹ oníyẹ̀fun òde òní ní ẹ́ńsáìmù nínú, ìyẹn èròjà tí ń gé purotéènì, ọ̀rá tàbí sitáàshì sí wẹ́wẹ́ kí omi lè gbé e lọ. Ọdún 1913 ni Otto Röhm, onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí fífi ẹ́ńsáìmù fọ aṣọ. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àkókò. Kò sì yẹ fún irun àgùntàn àti ṣẹ́dà, nítorí purotéènì ni àwọn méjèèjì fúnra wọn, ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ àbàwọ́n purotéènì kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ìdọ̀tí.

Mímọ irú aṣọ

Aṣọ òwú ni ó rọrùn jù láti fọ̀, nítorí pé ó máa ń lágbára sí i bí ó bá tutù, ó sì ń fara da omi gbígbóná àti gbígbo. Fọ́nrán irun àgùntàn ní ìpẹ́ wínníwínní lára. Bí omi gbígbóná àti gbígbo bá pàdé lórí rẹ̀, àwọn ìpẹ́ yìí yóò há mọ́ ara wọn, aṣọ yóò sún kì, yóò sì le, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi dá a padà sí bí ó ti wà. Polyẹ́sítà kì í sún kì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń di ọ̀rá mú ṣinṣin, èyí tí ó fà á tí òórùn òógùn kì í fi í tètè kúrò lára rẹ̀.

Àmì tí a rán mọ́ ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Àjọ GINETEX, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1963, ni ó ń bójú tó àwọn àwòrán orí rẹ̀. Ọpọ́n omi tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ ń sọ ìwọ̀n ooru omi tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ọwọ́ bá wà nínú ọpọ́n náà, a jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni kí a fi fọ̀ ọ́. Igun mẹ́ta dúró fún bílíìṣì, áyọ́ọ̀nù fún lílọ̀, ìlà méjì tí ó gbábùú kọjá ara wọn lórí èyíkéyìí sì túmọ̀ sí pé kí a má ṣe é rárá.

Yíyọ àbàwọ́n

Kí a tó fi ohunkóhun sí àbàwọ́n, ó yẹ kí a dán an wò níbi tí ojú kò tó, bí inú ìṣẹ́po etí aṣọ: a óò fi nǹkan náà rin ibẹ̀, a óò sì fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá ran aṣọ funfun náà, kí a jáwọ́. Títẹ̀ ni kí a máa tẹ àbàwọ́n, láti etí wá sí àárín. Gbígbo máa ń tì í wọ inú fọ́nrán, ó sì máa ń mú kí ó fẹ̀ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sára aṣọ òwú funfun, kí a yí ẹ̀yìn aṣọ síta, kí a sì jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá. Omi náà yóò kọ́kọ́ pọ́n, yóò wá máa mọ́ díẹ̀díẹ̀, ohun tí yóò ṣẹ́kù kò ní ju àmì róbótó kan tí ó pupa rúsúrúsú lọ. Haidirójìn pẹrọ́sáìdì ìdá 3 nínú 100, ìyẹn omi apakòkòrò tí ń bó àwọ̀, tí a kán sí i yóò hó, àmì náà yóò sì ṣí lójú ẹni. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun ni èyí wà fún, nítorí ó lè bó àwọ̀ aṣọ aláràbarà. Bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná ni a kọ́kọ́ dà sí ẹ̀jẹ̀ náà, purotéènì inú rẹ̀ yóò dì bí funfun ẹyin ṣe ń dì lórí iná, yóò sì dì mọ́ fọ́nrán. Bákan náà ni ti wàrà, ẹyin àti òógùn.

Ọ̀rá àti òróró kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni kí a kọ́kọ́ wọ́n lé e kí ó fa epo náà mu, kí a gbọ̀n ọ́n dànù, kí a wá fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ra á lára kí omi tó kàn án. Omi gbígbóná dé ìwọ̀n tí aṣọ náà lè gbà wúlò níhìn-ín, nítorí ó ń yọ́ ọ̀rá. Kí a sì wo ibẹ̀ dáadáa lẹ́yìn tí aṣọ bá gbẹ, torí pé aṣọ tútù máa ń bo àmì epo mọ́lẹ̀.

Tíì, kọfí àti wáìnì pupa ń fẹ́ omi kíákíá, lẹ́yìn náà fínígà tí a fi omi là. Yíǹkì bírò ń gbọ́ ti sípíríìtì, pẹ̀lú aṣọ funfun tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti gbà á. Asitóònù lè mú ọ̀dà èékánná kúrò lára òwú, ṣùgbọ́n yóò yọ́ aṣọ ásítéètì, ìyẹn aṣọ àtọwọ́dá kan tí ń dán bíi ṣẹ́dà, pátápátá. Àbẹ́là tí ó kán sí aṣọ ni kí a jẹ́ kí ó le, kí a fi ẹ̀yìn ṣíbí há a, kí a wá fi bébà sí abẹ́ àti òkè rẹ̀, kí a sì gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lé bébà náà. Ó wà lára ìwọ̀nba àbàwọ́n tí áyọ́ọ̀nù ń ràn lọ́wọ́. Ìpẹtà ń fẹ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí òmíràn tí ó kan. Bílíìṣì oníkilorínì kì í yọ ọ́, ńṣe ni ó máa ń mú un le sí i.

Ọ̀rọ̀ bílíìṣì gba àkíyèsí gidi. Claude Louis Berthollet, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ni ó fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1785 pé kilorínì ń sọ aṣọ di funfun. Bílíìṣì oníkilorínì ń ba irun àgùntàn àti ṣẹ́dà jẹ́. Ewu tí ó tóbi jù ni pé bí a bá pa á pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ohun kíkan mìíràn, afẹ́fẹ́ kilorínì yóò jáde. Bí ó bá sì jẹ́ amóníà, èròjà olóòórùn líle tí ó wà nínú àwọn ohun ìfọlé kan, ni a pa á pọ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ olóró mìíràn ni yóò jáde. Méjèèjì lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ẹni tí fínígà kò bá yọ àbàwọ́n fún gbọ́dọ̀ fi omi púpọ̀ ṣan aṣọ náà kí ó tó fọwọ́ kan bílíìṣì.

Sísá àti títọ́jú

Aṣọ aláwọ̀ ni kí a yí inú rẹ̀ síta kí a tó sá a, kí a sì sá a sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí oòrùn ń ṣí àwọ̀. Aṣọ irun àgùntàn ni kí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, nítorí ìwúwo omi inú rẹ̀ yóò fà á gùn bí a bá fi kọ́ sórí okùn. Aṣọ tí kò gbẹ tán kò gbọdọ̀ wọ àpótí. Yóò bu, àmì dúdú wínníwínní yóò sì hù sí i lára. Èyí tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí a tó tọ́jú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ń fẹ́ fífọ̀ pẹ̀lú, nítorí òógùn tí ojú kò rí lónìí lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní abíyá kí a tó tún ṣí àpótí, kòkòrò ajẹṣọ a sì máa wá irun àgùntàn tí òógùn tàbí oúnjẹ wà lára rẹ̀ ju èyí tí ó mọ́ lọ.