Orúkọ ta ló wà nínú fáìlì? Bí ilẹ̀ rírà ṣe ń lọ ní Àbújá

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú máa ń gbé ọgbọ́n ibẹ̀ wá sí Àbújá, ọgbọ́n náà ni yóò sì kọ́kọ́ kó bá a. Ohun tó mọ̀ ni pé ìdílé ló ni ilẹ̀: olórí ẹbí á fọwọ́ sí ìwé, àwọn ọmọ onílẹ̀ á gba tiwọn kí ìpìlẹ̀ tó jáde. Tó bá wá dé Lugbe tàbí Kuje, ìdílé tó ni ilẹ̀ ló ń béèrè. Wọ́n á sì bá a wá ìdílé kan. Alágbàtà kì í jẹ́ kí oníbàárà padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ilẹ̀ Àbújá kò ní ìdílé. Òfin tó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀ ní 1976, àti abala 297 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ 1999, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Àwọn Gbagyi tí wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú olú-ìlú pàápàá, òfin kò ka ilẹ̀ náà sí tiwọn mọ́. Wọn kò gbà, ẹjọ́ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó ń ra púlọ́ọ̀tì kan ni yóò dá a.

Kí wá ni wọ́n ń tà? Àyè ni: àyè láti lo ilẹ̀ fún ọdún 99, tí Mínísítà fún ẹnì kan lórúkọ ìjọba, tí ẹni náà sì fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn. C of O, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí àyè yẹn, tí àwọn èèyàn ń gbé kiri bí ẹni gbé adé, ìwé ẹ̀rí ayálégbé ni. Onílé ṣì wà.

Ẹ wo ìyá onílé kan tó ní ilé oníyàrá méjìlá ní Kubwa. Mama kì í gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tó kọ orúkọ gbogbo ayálégbé sí. Sunday ló wà ní yàrá karùn-ún. Iṣẹ́ gbé Sunday lọ sí Èkó, ó gba owó lọ́wọ́ Làmídì, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún un, wọ́n sì kọ ìwé láàárín ara wọn pé Làmídì lè máa ṣe bíi Sunday nínú yàrá náà. Làmídì kun yàrá, ó tẹ táìsì, ó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú ìwé Mama, Sunday ṣì ni. Nígbà tí owó ilé tó san, Sunday ni Mama ń pè, Sunday sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ọdún yí po, Mama kò rí kọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rán àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ fi àgádágodo ti yàrá karùn-ún. Làmídì ń ké pé òun ti sanwó. Mama ní, "Ìwọ ta ni?" Kò purọ́, kò mọ̀ ọ́n rí. Sunday ní tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ òun ṣì wà nínú ìwé, ó sì ti ń bá ẹnì kan sọ ọ́ ní Èkó pé òun ní yàrá kan tí òun fẹ́ gbé sílẹ̀ ní Kubwa, yàrá tó ní táìsì... Ẹ jẹ́ ká fi Mama sílẹ̀ níbí, ó ti fẹ́ gba àlàyé mọ́ni lọ́wọ́.

Ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yẹn ni AGIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá. Nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ Mínísítà Àbújá, láàárín 2003 sí 2007, ni wọ́n kó àwọn fáìlì bébà wọ kọ̀ǹpútà. Púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fáìlì tiẹ̀, ó ní nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì, ó sì ní àmì àdúgbò: A04 ni Asokoro, A05 wà ní Maitama. Ká sọ òótọ́, ọgbọ́n ńlá ni. Ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lójú kan ṣoṣo kò nílò ọmọ onílẹ̀ láti jẹ́rìí sí i.

Ibi tí adùn rẹ̀ wà ni search. Lọ́yà á mú ẹ̀dà ìwé ẹni tó ń tà lọ sí AGIS, á san owó, wọ́n á sì yẹ fáìlì wò. Èsì tó ń jáde máa ń sọ orúkọ ẹni tí ìjọba mọ̀, bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi í ṣe, gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún tó wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá báńkì ti fi dógò, bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, bóyá ìjọba ti gbà á padà. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pé gbogbo ìtàn ayé púlọ́ọ̀tì náà ló wà nínú bébà yẹn. Ọ̀pọ̀ olùrà tuntun á wá gbọ́ pé "search mọ́", wọ́n á sáré lọ sanwó.

Ohun méjì wà tí search kò lè sọ. Kò lè sọ pé ọkùnrin tó jókòó síwájú yín ni ẹni tó ni orúkọ inú fáìlì. Kò sì lè sọ pé ibi tí wọ́n mú yín lọ wò ni púlọ́ọ̀tì inú fáìlì. Fáìlì lè mọ́ bí omi òjò, kí ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín jẹ́ ti ẹlòmíràn lódìkejì títì, tàbí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọgbà ìgbafẹ́, tí katapílà Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń wó ilé tí kò bófin mu, ń bọ̀ wá wó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú sọ́fẹ́yọ̀ dání lọ síbẹ̀, kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo àwọn òpó ààlà, kó fi wé nọ́ńbà inú ìwé. Owó rẹ̀ kéré sí owó ẹjọ́.

Lẹ́yìn search ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe bíi Làmídì. Òfin ní kí Mínísítà fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìfọwọ́sí yìí ń gba owó, ó sì ń gba àkókò, nítorí náà wọ́n á ní kí lọ́yà kọ power of attorney, wọ́n á kó ìwé ilẹ̀ sínú àpótí, ó parí. Kò parí. Láti 1993 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara pé power of attorney kò gbé ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbà kí ẹnì kan máa ṣe nǹkan lórúkọ ẹlòmíràn ni. Àléébù tó ń báni nínú jẹ́ jùlọ nínú ètò yìí nìyí: ìwé orúkọ tí wọ́n fi ọgbọ́n tò, tí wọ́n wá mú kí àtúnṣe orúkọ inú rẹ̀ nira débi pé irọ́ ń kún inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Irọ́ náà ń pa èèyàn lára. Ní oṣù kẹta 2025, ìjọba Àbújá kéde pé wọ́n ti gba 4,794 ilẹ̀ padà nítorí owó ilẹ̀ tí wọn kò san fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní Maitama, Asokoro, Wuse, Garki àti àwọn àdúgbò tó sún mọ́ wọn. Orúkọ inú fáìlì ni ìjọba ń kọ bílì sí. Ẹni tó bá ní power of attorney nìkan lè má mọ̀ pé gbèsè wà.

Ìwé ilẹ̀ tí àwọn Area Council, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Àbújá, fúnni jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó dìgbà tí ìjọba bá yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó di ìwé tó ṣe é gbára lé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má san owó C of O lórí ìwé tí AGIS kò tíì rí. Ilé inú ẹ́sítéètì náà bẹ́ẹ̀: fáìlì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà, orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ ló sì wà níbẹ̀. Mararaba tí wọ́n ń polówó gẹ́gẹ́ bí Àbújá, Nasarawa ni. NAGIS, iléeṣẹ́ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti Nasarawa, ni kí wọ́n lọ bi. Suleja, Niger ni.

Ìmọ̀ràn kan tún wà tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ń ra ilẹ̀ láti fi pa owó: ra á, fi sílẹ̀, yóò gbówó lórí. Ọdún méjì ni ìjọba Àbújá fún ẹni tí wọ́n pín ilẹ̀ fún láti kọ́ nǹkan sí i. Igbó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní ìdókòwò yẹn, ẹ̀sùn ni lójú onílé.

Nígbà ìdúnàádúrà ni kí wọ́n ti sọ ẹni tí yóò san owó ìfọwọ́sí, kí ẹni tó ń tà san gbèsè owó ilẹ̀ kó sì mú rìsíìtì wá, kí apá kan lára owó sì wà lọ́wọ́ lọ́yà títí orúkọ yóò fi yí padà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á binú sí ti ìkẹyìn yìí. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ní ọjọ́ tí orúkọ bá sì yí, ìwé àkọ́kọ́ tí ìjọba sábà máa ń kọ ránṣẹ́ sí onílẹ̀ tuntun ni bílì.