Náílọ́ọ̀nù, ike tó ń mu omi

Ọ̀rá tí a fi ń di ọjà, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Pólíẹ́tílíìnì, ike mìíràn, ni. Náílọ́ọ̀nù gan-an ló wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, lára okùn ìpẹja àti aṣọ àgọ́, lára kébù táì tí a fi ń so wáyà pọ̀, àti jíà kékeré inú ẹ̀rọ tí a kò fẹ́ kó máa pariwo. Ìtọ́jú wọn kò lè jọra, torí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara ọ̀rá, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù a máa fa omi mọ́ra, kódà láti inú afẹ́fẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gé ègé kékeré, ẹ fi omi ọṣẹ pa á kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá tì í bọ inú omi. Ọ̀rá á léfòó. Náílọ́ọ̀nù á rì, nítorí pé bí omi bá wọn gíráàmù 1, òun tí ó gba àyè kan náà á wọn gíráàmù 1.14. Òótọ́ ni pé àwọn ike mìíràn náà ń rì, ṣùgbọ́n èyí tó bá léfòó, tí kò sì ní ihò nínú, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Ẹ má fi iná dán an wò nínú ilé: sáyánáìdì lè wà nínú èéfín rẹ̀, májèlé sì ni.

Ọdún 1935 ni Wallace Carothers, onímọ̀ kẹ́mísìrì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont, ní Amẹ́ríkà, ṣe irú tí à ń pè ní náílọ́ọ̀nù 66. Paul Schlack ṣe irú mìíràn, náílọ́ọ̀nù 6, ní Jámánì ní 1938. Méjèèjì wà lára ike tí iná ń yọ́, tó ń le padà bó bá tutù, tí a sì tún lè yọ́ dà sí nǹkan mìíràn. Ike dúdú líle tó wà lọ́wọ́ ìkòkò kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Bí iná bá pọ̀ fún un, ńṣe ló ń jóná. Náílọ́ọ̀nù 6 ń yọ́ ní nǹkan bíi 220°C, 66 ní nǹkan bíi 260°C.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un gbẹ. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí. 80°C, fún wákàtí 4 sí 8, títí omi inú rẹ̀ á fi dín sí 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi bá ṣẹ́kù, ẹ ó gbọ́ ọ tí á máa ta pàrà-pàrà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ, ìlà fàdákà á hàn lára ohun tó jáde, ihò á wà nínú rẹ̀. Èyí tí ojú kò rí ló burú jù: omi gbígbóná yẹn ń gé àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tó para pọ̀ di náílọ́ọ̀nù, nǹkan náà á sì máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Ẹ má sì torí ìkánjú fi kún ooru náà. Ńṣe ni yóò pọ́n.

Nígbà tó bá ti di ohun èlò tán, ọ̀rọ̀ yí padà: omi díẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣẹ́. Kébù táì tó ti gbẹ jù a máa já bí a bá ti fà á. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún wákàtí kan, yóò tún rọ̀, àfi tí oòrùn bá ti bà á jẹ́. Èyí tó kù, ẹ fi sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ tí ẹ dì pa. Fún ìta, dúdú ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ṣe fún oòrùn.

Omi yìí kan náà ló ń mú un wú. Jíà náílọ́ọ̀nù lásán tó fẹ̀ ní mìlímítà 100 lè fi ju mìlímítà 2 fẹ̀ sí i bí omi bá rin ín gbingbin. Búùṣì náílọ́ọ̀nù, ìyẹn ike bí òrùka, tí a ti há mọ́ inú irin kò ráàyè wú síta, nítorí náà ihò rẹ̀ ló máa dín kù, á sì fún ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀ pa. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì rántí pé ooru ń mú náílọ́ọ̀nù fẹ̀ ju irin lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, ó kéré tán. Epo bẹntiróòlù àti gírísì kì í pa á lára. Omi bátìrì, ìyẹn ásíìdì inú bátìrì ọkọ̀, ni ọ̀tá rẹ̀.

Okùn náílọ́ọ̀nù ń nà kó tó já, ìdí nìyẹn tó fi dára fún fífa nǹkan tó wúwo. Ṣùgbọ́n bó bá já, yóò ta padà bí ẹgba, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ọ̀gangan rẹ̀. Bí omi bá rin ín, agbára rẹ̀ ń dín ní nǹkan bí 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá ń fi iná dí ẹnu rẹ̀ kó má tú, irin ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìka; náílọ́ọ̀nù tó yọ́ a máa lẹ̀ mọ́ awọ ara, á sì máa jó o lọ.

Aṣọ rẹ̀ kò fẹ́ ooru tó ju àmì kan lójú áyọ́ọ̀nù lọ, ìyẹn 110°C. Ẹ má fi búlíìṣì oníkílórínì fọ̀ ọ́, ẹ sì sá a síbi tí òjìji wà.