Bí ewé Akíntọ́lá ṣe dé ilẹ̀ wa tó sì gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì

Ẹ jáde ní Òṣogbo, ẹ gba ọ̀nà Gbọ̀ngán, Ìkìrun àbí Ìlobùú, èyí tó bá wù yín, ewé kan náà lẹ máa rí lọ́tùn-ún lósì títí ẹ ó fi dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ewé Akíntọ́lá ni, àwọn míì ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é ní Chromolaena odorata. Ọmọ tó bá gba bọ́ọ̀lù fún wa ní àdúgbò, tó ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, ewé yìí ni wọ́n máa já, wọ́n á rún un lọ́wọ́, wọ́n á fún omi ẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ á dá. Torí ẹ̀ lẹ́nu fi máa ń ya àwọn èèyàn tí mo bá sọ pé àjèjì ni, pé nígbà tí àwọn bàbá-bàbá wa ń roko nílùú yìí kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún tó wọ Nàìjíríà.

Òṣogbo kì í sì í ṣe ìlú tí ọ̀tá kàn máa ń wọ̀ bó ṣe wù ú o. Ní 1840 tí ogun Ìlọrin dó tì wá, wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Odérìnlọ kó àwọn ọmọ ogun ẹ̀ wá, wọ́n sì lu ogun Ìlọrin náà débi pé ibẹ̀ ló parí sí, wọn ò ráàyè sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́nà òkun mọ́. Àwọn àgbà wa máa ń fi tiwọn kún un, wọ́n ní Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ ló para dà di ìyá olóúnjẹ, ó gbé ẹ̀fọ́ yánrin lọ tà fún àwọn ọmọ ogun tó dó tì wá, wọ́n jẹ ẹ́ tán ni àrunṣu bá dé bá wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ogun tó gun ẹṣin wá nìyẹn, gbogbo ayé rí i. Èyí tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó lulù sí wa létí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nilé ẹ̀, láti Florida àti Texas, dé Mẹ́síkò, dé àwọn erékùṣù Caribbean, títí lọ dé Argentina. Níbẹ̀ kò le tó báyìí rárá, torí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀, tó ń gbẹ́ inú igi ẹ̀, tó ń ba èso ẹ̀ jẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń bá ara wọn gbé. Láàárín 1800 sí 1900 làwọn òyìnbó gbé e lọ sí ọgbà òdòdó wọn ní Calcutta lÍńdíà, wọ́n kà á sí òdòdó ẹlẹ́wà, ó jáde kúrò nínú ọgbà, ó sì di wàhálà ní Éṣíà. Wọ́n gbé igi náà, wọ́n ò gbé kòkòrò tó ń dá a lẹ́kun, gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà ò ju ìyẹn lọ.

Bó ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Ní nǹkan bí 1937, nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ń kó èso igi gmelina wọlé láti Ceylon, Sri Lanka là ń pè é báyìí, torí igi náà máa ń tètè dàgbà. Èso ewé yìí ló dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìtòsí Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀ ní 1942, ibẹ̀ ló ti ń rìn bọ̀. Kò sẹ́ni tó fi ìkà gbìn ín, igi ni wọ́n ń wá. Àfọ̀njá náà, ìrànlọ́wọ́ ló ń wá nígbà tó pe àwọn àlejò wá sÍlọrin kó lè bá Ọ̀yọ́ jà, àwọn tó gbà sílé náà ló wá pa á, ìlú bọ́ lọ́wọ́ ìdílé ẹ̀, ogun tó sì ti ibẹ̀ jáde ló padà wá dó ti Òṣogbo.

Èso ẹ̀ ló jẹ́ kó yára. Igi kan péré lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, lọ́nà àádọ́rin, wọ́n fúyẹ́, irun wà lórí wọn, bí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró ó máa tanná funfun, tí ọyẹ́ bá dé atẹ́gùn á gbé e lọ. Ó tún ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, mọ́ àpò iṣu, mọ́ lọ́rì, mọ́ yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ẹ gé e, á rú látinú kùkùté. Ẹ dáná sun ún, òjò àkọ́rọ̀ á bá a lórí ìdúró. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara dà ni òjìji. Kì í rọ́wọ́ mú nínú igbó tí igi ti bo ojú ọ̀run, ibi tí a ti gé igi, tí a la ọ̀nà, tí a ṣán oko tí a sì fi í lẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi lè dá ewé nìkan lẹ́bi.

Nígbà tí wàhálà òṣèlú West dé ní 1962, tí wọ́n ní kí Akíntọ́lá kúrò lórí àlééfà tó ní òun ò lọ, ewé yìí ti wà lóko níbi gbogbo, ẹni tó ti ro ó tó tún rú mọ́ ọn lọ́wọ́ ló mọ ìdí tí wọ́n fi pè é ní Akíntọ́lá takú. Ní Ghana, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ ológun tó gba ìjọba wọn ní 1972 nìyẹn, torí ẹ̀yìn tiwa ló dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó fi ojú àgbẹ̀ rí pọ̀. Kòkó kékeré, ọ̀pẹ kékeré, ó máa bò wọ́n mọ́lẹ̀. Màlúù kì í fẹ́ ẹ jẹ, ewé ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú sì lè pa á. Tó bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná igbó rí nǹkan jẹ nìyẹn. Èyí tó ká mi lára jù ni ti tata, àwọn tata tó máa ń jẹ ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn onímọ̀ kòkòrò rí i pé òdòdó ewé yìí ń fà wọ́n, wọ́n ń gba májèlé kan nínú ẹ̀ tí wọ́n ń kó sínú ẹyin wọn, ohun tó fẹ́ jẹ ẹyin náà á sá fún un, tata á wá máa pọ̀ sí i. Ẹ wo àjèjì tó ń gbe ọ̀tá tó wà nílé tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ mọ́ ọn o. Ó lé èkan kúrò lórí ilẹ̀ púpọ̀, ẹni tó bá ti fi ọkọ́ bá èkan jà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ewé ẹ̀ tó ń já sílẹ̀ ń sanra fún ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ sinmi. Ti egbò náà kì í ṣe ìtàn lásán, ní Vietnam wọ́n fi ewé yìí ṣe oògùn ìpara fún ojú egbò àti ibi tí iná jó.

Nàìjíríà gbìyànjú ní àwọn ọdún 1970 láti kó àfòpiná kan tí ọmọ ẹ̀ ń jẹ ewé yìí wá láti òkè òkun, kò fìdí múlẹ̀. Ghana tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tiwọn mú. Mo rò pé ó yẹ kí àwa náà padà sí i.

Igbó Ọ̀ṣun lọ́kàn mi ń lọ sí jù, hẹ́kítà 75 péré ló jẹ́, UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ilé sì ń sún mọ́ ọn. Òjìji igi ló ń dáàbò bò ó, igi tí wọ́n bá gé létí ẹ̀ ti ṣí àyè fún Akíntọ́lá nìyẹn. Ẹni tó bá ní oko lágbègbè yẹn, kó má kàn fi àdá gé e, kó hú kùkùté ẹ̀ tòun ti gbòǹgbò nínú oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá kí òdòdó tó yọ, kó sì gbin igi gidi dípò ẹ̀.